Ojú Iná Mẹ́ta

Inú ń bí mi, ẹ má sọ pé kí n fara balẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Tí mo bá ń kọjá ní Àlàbá, tí mo rí àpótí sípíkà tó ní ojú iná mẹ́ta nígun ìsàlẹ̀, n ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí n má baà sunkún láàárín ọjà.

Bàbá mi ló ni àmì yẹn. Káfíńtà ni, àpótí sípíkà ló ń kàn ní Igbó-Elérin kí wọ́n tó bí mi. Tó bá ti kan ọ̀kan tán, á ki ìṣó bọnú iná títí á fi pọ́n, á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun ìsàlẹ̀ lápá òsì lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa ọmọbìnrin mẹ́ta tó bí nìyẹn. Èmi ni ojú kejì. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò bí ọkùnrin, pé ta ni yóò jogún ayùn. Ó ní kí wọ́n máa wò ó. Nígbà tó kú, èmi tí mo gba dípúlómà ni mo gbé ayùn. Àwọn oníbàárà tó ń ti Àgbádárìgì àti Kútọnu wá kì í béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ojú iná mẹ́ta yẹn ní igun ìsàlẹ̀ àpótí kí wọ́n tó rà á.

Ìgbà yẹn ni òyìnbó kan dé. Àwọn ẹ̀yà inú sípíkà ló ń kó wá sí Àlàbá láti ìlú ẹ̀. Ó fi etí sí àpótí mi, ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó ní ká jọ dá kọ́ńpìnì sílẹ̀: òun á máa kó ẹ̀yà inú wá, èmi á máa kan àpótí, a ó jọ máa tà á káàkiri. Ó ń mu gààrí mi, ó ń kí mi ní “ẹ kú iṣẹ́” bí ẹni tí wọ́n bí sí Òkòkòmáíkò. Èké pátápátá!

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé, ó lọ tẹ ìwé àdéhùn ní Ìyànà-Ìbà, ojú ewé méjìlá. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ tiwa, èèyàn kì í dá tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àgbà gbọ́dọ̀ jókòó. Mo lọ pe Àlájì, ọ̀rẹ́ bàbá mi, ará Ọ̀yọ́, òun ni bàbá ẹgbẹ́ àwa káfíńtà. Òun ni mo kọ́kọ́ gbé ìwé náà fún, torí ọmọ kì í gbàwé ṣíwájú àgbà. Ó wọ awò ojú ẹ̀. Ó ń fi itọ́ sọ́mọ ìka, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Nígbà tó ṣí i tán, ó pa á dé, ó gbé ọwọ́ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. A ṣe àmín títí ó fi sú wa. Òyìnbó náà ń ṣe àmín. Àlájì wá ní, “Ọmọ mi, tọwọ́ bọ̀ ọ́, Ọlọ́run ti gbà á.”

Ta ló fẹ́ ṣàmín tán kó tún máa ṣíwé wò? Ìyẹn á jẹ́ pé ojú àgbà ò ríran. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ fẹ́ sọ pé mi ò gbọ́n, àbí? Ẹ sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi láìmọye ìgbà.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa fún oṣù bíi mélòó kan. Òyìnbó wá ní ọwọ́ mi ò yá tó, pé òun á máa ṣe àpótí náà lọ́hùn-ún. Kọ̀nténà dé. Ojú iná mẹ́ta wà lára gbogbo àpótí inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà ni. Ọ̀dà dúdú! Wọ́n fi ọ̀dà ya iná! Mo pè é, ó ní kí n lọ wo ojú ewé kẹsàn-án. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà lọ́yà ẹ̀ dé: kọ́ńpìnì ló ni àmì náà, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá kọ́ńpìnì sì jẹ́ tiẹ̀, kí n má tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí kankan mọ́. Mo gbé ìwé àdéhùn náà lọ bá lọ́yà kan ní ìlú Ọjọ́. Ó ka ojú ewé kẹsàn-án, ó wò mí, ó ní, “Màdáámù, ṣé ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́?”

Èmi gan-an ni ojú kejì, wọ́n ní kí n má tẹ ara mi mọ́ igi!

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tèmi wọ́, àgbà sì wà níbẹ̀, ó ń mi orí. Iléyá méjì kọjá, mi ò lọ kí Àlájì.

Oṣù tó kọjá, òun fúnra ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ọmọ kan gbé sípíkà mọ́ṣáláṣí wọn tẹ̀ lé e. Ó jókòó lórí pákó. Ó ní, “Ọmọ mi, ó ń dún bí agolo. Àmì yín ni mo rí tí mo fi ní kí wọ́n rà á.” Mo tú u. Pákó inú ẹ̀ ti rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì, kò sí ìṣó kan ṣoṣo, gọ́ọ̀mù nìkan ni. Orí mi gbóná. Mo fa ìwé àdéhùn yọ, mo ṣí i sí ojú ewé kẹsàn-án, mo gbé e lé e nítan.

“Ẹ kà á sókè, Bàbá. Bẹ́ ẹ ṣe kà á lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kà á!”

Mi ò pariwo mọ́ ọn rí láyé mi. Ó wọ awò ojú ẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìwé náà. Ó wá bọ́ awò ojú náà.

“Ọmọ mi, kéwú nìkan ni mo kà. Mi ò mọ ìwé òyìnbó.”

“Ha! Bàbá! Ẹ ṣáà ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan!”

“Ṣé kí n sọ níwájú àlejò pé mi ò mọ̀wé, kí n dójú tì ọ́ ni? Ìwọ lo ní dípúlómà. Mo rò pé o ti kà á kó o tó gbé e fún mi.”

Ó fẹ́ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ ṣàdúrà, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó tì í lórí pákó. Mo gba ìwé náà nítan ẹ̀, mo ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún un.