Ọwọ́ Ìdìmú àti Ilà Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi

Nínú gbọ̀ngán ńlá agbolé wa ní Bẹyẹrunka, àwòrán òkú nìkan ni a máa ń gbé kọ́ sára ògiri. Ẹni tó wà láàyè kì í bá wọn pín ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ya gbogbo ilé lẹ́nu nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, sọ pé kí a ya àwòrán òun, kí a sì gbé e kọ́, kí òun tó kó lọ bá ọmọ òun ní Ìlọrin.

Kì í ṣe pé ó ń fi ikú ṣeré. Ti ìyá wa ni ó ń wò. Àwòrán kan ṣoṣo tí ìyá wa ní ni èyí tí wọ́n gé jáde lára àwòrán ìgbéyàwó ẹlòmíràn lẹ́yìn tó kú, tí wọ́n sì fẹ̀ títí ó fi di bàìbàì. Bí àlejò bá bèèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀, a ó kọ́kọ́ fi ibi tí imú wà hàn án ná. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ irú èyí. Ó fẹ́ kí abàjà ojú rẹ̀ hàn ketekete, nítorí òun ni ẹni ìkẹyìn tó kọ ọ́ nínú agbolé wa, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Èmi ni ó ní kí n yà á. Ó ní fóònù àwọn ọmọ ìwòyí a máa mú ojú ènìyàn dán bí abọ́ tánganran, ilà a sì pòórá. Mo gbà, n kò ronú kan ọwọ́ mi. Láti ìgbà tí àìsàn kan ti dá mi dùbúlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi kì í dúró sójú kan mọ́, pàápàá bí mo bá na àtàǹpàkò láti tẹ ojú fóònù. Mo yà á, ilà wọnú ara wọn. Mo tún un yà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu. Ni mo bá gbé fóònù sí ọwọ́ òsì, èyí tí kì í gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àga.

"Ọwọ́ òsì lo nà sí mi lójú?" ni ó bi mí. "Ìwọ tí o ti ka gbogbo ìwé ayé tán?"

Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ewú orí mi, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò padà jókòó. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò wá fi ọkọ̀ gbé e kò sì jìnnà mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba Bẹẹrẹ lọ sí Ògùnpa, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wù fóònù àti ṣájà. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi mí bóyá ìyàwó tuntun ni mo fẹ́ máa ya sẹ́fí, àwòrán ara ẹni, fún. Nígbà tí mo na ọwọ́ mi sí i tí ó rí bí ó ti ń gbọ̀n, ó dẹ́kun ẹ̀rín, ó sì mú nǹkan dúdú kan wá tó kún ọwọ́ bí èèkù àdá. Ọwọ́ ìdìmú ni. Ó máa ń há fóònù mọ́ra ṣinṣin, bọ́tìnì ìyàwòrán kan sì wà lórí rẹ̀ níbi tí ìka ìfábẹ̀lá yóò sinmi lé, tí ènìyàn kò fi ní í fọwọ́ kan ojú fóònù rárá.

Mo dì í mú nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀rọ̀ ara mi sì yé mi. Ohun tí ọwọ́ mi kò lè ṣe mọ́ ni kí ó rọra kan nǹkan. Kò tíì gbàgbé bí a ti ń di nǹkan mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti rọ̀. Ó yẹ ọwọ́ mi wò, ó rí i pé ọ̀tún ni, ó ní, "Bisimilahi." Mo fi ìgúnpá ti ẹ̀gbẹ́ mi, mo mí kanlẹ̀, mo sì tẹ bọ́tìnì.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fẹ ojú òun sí i. Ó ń fi ìka tọ ilà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ọ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tó kúrú ju àwọn yòókù lọ. Ìyá wa máa ń sọ fún un pé ó yí orí kúrò bí olóòlà ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ìdí nìyí tí ọ̀kan fi kúrú. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ti rí i nínú dígí mọ́.

"Ìyá kò parọ́ mọ́ mi," ni ó wí.

Ọkùnrin tó tẹ àwòrán náà jáde fún wa ní Bẹẹrẹ fẹ́ fa ilà náà gùn kí ó lè bá àwọn yòókù dọ́gba. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Mógàjí wa, olórí agbolé, kò gbà kí alààyè bá òkú tò. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní kí a gbé e kọ́ sí ògiri òdìkejì, tí kò sí ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, ó dúró níwájú àwòrán náà. Ó wá kọjú sí gbogbo wa.

"Tí mo bá kú, ẹ má wá òmíràn," ni ó wí. Ó sì lọ wọ ọkọ̀.