Ọwọ́ Tí Mo Fi Gbá Bàbá Mi Lẹ́yìn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, alùpùpù kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo abúlé wa, bàbá mi ló sì ni ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ̀ ń pè é ní ọ̀kadà, tí ẹ̀ ń nawọ́ sí i lójú títì bí ẹni ń pe ẹlẹ́kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ díẹ̀ kún un kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Alùpùpù là ń pè é nígbà náà. Bí ìró rẹ̀ bá ń bọ̀ láti òkè, àwọn ìyá wa á pa ọlọ tì, wọ́n á jáde wá wò ó.

Abúlé wa wà lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Kòkó ni gbogbo wa ń gbìn, obì sì wà láàárín rẹ̀. Ọdún kan, kòkó ṣe dáadáa, bàbá mi bá gba Òṣogbo lọ, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè, ó sì gun alùpùpù dúdú kan wálé. Mi ò mọ iye tó rà á, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, wá ń rẹ́rìn-ín nítorí irin. Láràárọ̀ ló máa ń fi àkísà nù ún, á sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti so táyà mọ́ ẹsẹ̀ kí òun tó wọlé ọkọ.

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, èmi ló sì máa ń gbé sẹ́yìn. Ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn pọ̀ débi pé bí ẹnì kan bá ń kígbe sí ọ létí, ẹnu rẹ̀ tó ń mì nìkan lo máa rí. Nítorí náà, èmi àti bàbá mi ṣe àdéhùn. Ó ní, "Tí o bá fẹ́ kí n sáré sí i, fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn." Mo ń gbá a lẹ́yìn, ó ń sáré, atẹ́gùn ń kún inú ẹ̀wù mi, mo ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú mi. A ò ṣe àdéhùn kankan nípa dídúró. Ta ló ń ro ti àtidúró nígbà tí nǹkan bá ń dùn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ẹ lè má mọ̀. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, èèyàn kì í kọjá lára èèyàn láìkí i. Ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́, tó bá rí àgbà, á sọ̀ kalẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ tira, á dọ̀bálẹ̀, kó tó máa lọ. Obìnrin á kúnlẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Ẹni tó bá kọjá láìkíni, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn sọ pé, "Kò mọ̀ wá mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn á sì dé ilé ṣáájú rẹ̀. Bàbá mi mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Kó tó ra alùpùpù, kò sí bó ṣe lè tètè dé ibi tó ń lọ, torí gbogbo ẹni tó bá pàdé ló máa béèrè ilé, ọmọ àti oko lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n alùpùpù kì í jẹ́ kí èèyàn béèrè nǹkan. Kí o tó la ẹnu ní "ẹ kú," ẹni tí ò ń kí ti wà lẹ́yìn rẹ.

Obìnrin àgbà kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Ìyá tó bí bàbá mi kú lórí ìkúnlẹ̀. Yèyé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá náà, ló gbé jòjòló yẹn pọ̀n, tó wẹ̀ ẹ́, tó tọ́ ọ títí ó fi láya nílé. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Bàbá mi ni gbogbo ọmọ tó ní láyé. Kí bàbá mi tó lọ sóko láàárọ̀, ilé Yèyé ló máa kọ́kọ́ yà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Yèyé á fọwọ́ pa á lórí, á sì ki oríkì rẹ̀ délẹ̀délẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá mi gbé mi sẹ́yìn, a kọrí sí Iléṣà. Eruku pupa ń sọ lálá. Bàbá mi wọ dígí dúdú tó fi ń gba eruku lójú, ó sì tẹjú mọ́ ilẹ̀ nítorí kòtò. Bí a ṣe yọ níbi tí ọ̀nà ti yí, mo rí Yèyé níwájú, ó ru agbọ̀n obì, òun àti àwọn obìnrin mìíràn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Ó gbọ́ ìró wa, ó yíjú padà, ẹ̀rín bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di agbọ̀n mú, ó na èkejì sókè. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, mo sì mọ̀ pé oríkì ló ń kì.

Bàbá mi ò rí i. Mo kígbe pé, "Bàbá, Yèyé nìyẹn." Ẹ́ńjìnnì gbé ohùn mi mì. Mo bá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn kó lè dúró. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó sáré sí i. Mo tún gbá a, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a, mo ti ń sunkún, bí mo sì ṣe ń gbá a náà ló ń sáré. A kọjá lára Yèyé bí ẹni pé igi lásán ló dúró níbẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mi ò rí i mọ́, eruku ni mo rí.

Ìgbà tí a wọ Iléṣà ló tó dúró. Ó yíjú sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Ọmọ yìí, àbí o fẹ́ ká fò lónìí ni?" Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ẹ̀rín yẹn kú lójú rẹ̀. Kò tilẹ̀ dé ọjà, ó yí alùpùpù padà.

A bá Yèyé lẹ́bàá ọ̀nà, ó jókòó lórí gbòǹgbò igi, àwọn obìnrin ń gbọn eruku lára rẹ̀. Nígbà tó ń sá fún wa ni agbọ̀n ti já bọ́, obì fọ́n káàkiri inú koríko. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀, bàbá mi ju alùpùpù sílẹ̀, kò dúró gbé e tira, ó sáré lọ láti dọ̀bálẹ̀. Kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀, Yèyé ti dìde. Ó kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú eruku níwájú ọmọ tó pọ̀n dàgbà.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá wa. Ẹ má bínú sí wa. A ò tètè kúrò lọ́nà fún yín."

Mo ti dàgbà, mo sì ti rí ìtìjú oríṣiríṣi. Wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́ rí, wọ́n sì ti bú mi láàárín ọjà rí. Kò sí èyí tó dà bíi ti ọjọ́ yẹn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sún mọ́ ibi tí àwọn yòókù wà, ẹ̀gbẹ́ alùpùpù tó ṣubú ni mo dúró sí, mo ń wo ọwọ́ mi. Bàbá mi ò wí àwíjàre kankan. Ó nà gbalaja síwájú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Yèyé, ẹ dìde. Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Nígbà tó wu Yèyé, ó dìde, ó ní kí wọ́n gbé agbọ̀n rù òun, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ńṣe ni bàbá mi ti alùpùpù yẹn dé ilé, kò gùn ún. Lójú ọ̀nà ló ti sọ fún mi pé, "Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí o fi gbá mi lẹ́yìn, má sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Èmi ni mo wà á. Àgbàlagbà kì í sá sẹ́yìn ọmọ."

Bó ṣe di pé ó gbé alùpùpù sí abẹ́ àká nìyẹn, tó da àpò kòkó bò ó. Ó ń bẹ Yèyé, ó ń rán àgbà sí i, Yèyé sì ń sọ fún gbogbo wọn pé inú ò bí òun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà obìnrin bá ní inú ò bí òun, iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Bó bá rí bàbá mi báyìí, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá wa." Bàbá mi wá ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko kó má baà pàdé rẹ̀. Ó rù.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò yẹ kí irú irin bẹ́ẹ̀ jẹrà. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ó gùn ún jáde, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá rí ló ń torí rẹ̀ dúró, á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ̀ kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, á tún máa ta alùpùpù lẹ́sẹ̀ títí á fi jí. Àwọn tó fẹsẹ̀ rìn ti ta ọjà tán kó tó débẹ̀. Ó wálé, ó ní nǹkan náà ti sú òun, òun ò tilẹ̀ rántí ohun tó dùn nínú rẹ̀ mọ́. Adìẹ ìyá mi bá yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀, ó sì pa á síbẹ̀. Èmi ni mo máa ń lọ wo àwọn ọmọ adìẹ náà, inú mi kì í sì í dùn.

Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ náà tú. Orí òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, abúlé wà ní ìsàlẹ̀. Bí ìsìn ṣe parí, bàbá mi àti Yèyé ko ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, níṣojú gbogbo ìjọ, Yèyé sì tún kúnlẹ̀. Bàbá mi dorí kodò. Mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo bú sẹ́kún, mo ní, "Yèyé, mo gbá a lẹ́yìn kó lè dúró ni. Òun rò pé mo ní kó máa sáré ni. Èmi ni, kì í ṣe òun."

Bàbá mi ní kí n dákẹ́. Yèyé ní kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"O ń gbá a lẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

"Ó sì ń sáré sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

Ẹ̀rín mú Yèyé. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀, títí ẹ̀rín yẹn fi di ẹkún, tó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó wo bàbá mi, ó ní, "Láti ọjọ́ yìí, ẹnu rẹ ò ṣe é sọ?" Lẹ́yìn náà ló wá ki oríkì rẹ̀. Bàbá mi, ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀, ń sunkún lójú gbogbo ìjọ, kò sì bojú.

Yèyé ní kí wọ́n lọ gbé ẹranko tó da eruku lé òun lórí wá, pé ẹranko náà ló máa gbé òun lọ sílé. Àwọn obìnrin ní kó má dán an wò. Kò gbọ́. Wọ́n lé adìẹ kúrò, wọ́n ti alùpùpù gun òkè wá. Yèyé fún ìró mọ́dìí, ó fi ẹ̀gbẹ́ jókòó sẹ́yìn, ó ní, "Gbọ́ o. Bí mo bá gbá ọ lẹ́yìn, dúró. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, kó lọ wá ẹ̀yìn mìíràn gbá."

Bàbá mi ò ta á lẹ́sẹ̀ rárá. Ó jẹ́ kó máa yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ òkè, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Yèyé ń kí gbogbo ojúlé tí wọ́n bá kọjá. Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ọdún ìkórè o. Ará ilé ńkọ́? Bàbá mi náà ń kí wọn, wọ́n sì ń gbọ́, wọ́n ń dá a lóhùn. Àwa ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wọn. Láti ìgbà náà, bó bá ti dé òkè, á pa ẹ́ńjìnnì, bó bá sì rí arúgbó tó rẹrù, á gbé e. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìgbà tí alùpùpù bá dákẹ́ ló máa ń dùn jù.

Ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn ò kúrò lára mi. Orúnkún Yèyé nínú eruku, mo ṣì ń rí i.

Ayé ti yí padà. Dàda Estate, ní Òṣogbo, ni mò ń gbé báyìí lọ́dọ̀ ọmọ mi, ọmọ-ọmọ mi ló sì máa ń fi mọ́tò gbé mi jáde. Wọ́n á gbé dígí sókè, ẹ̀rọ amúlétutù á máa fẹ́, òun á ki nǹkan orin bọ etí. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó jù mí lọ díẹ̀, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó rí mi, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀, ó nawọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo pe ọmọ-ọmọ mi, kò gbọ́. Mo bá fọwọ́ gbá a léjìká. Ó wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ṣé ooru ń mú yín ni?" Ó fi kún atẹ́gùn, mọ́tò ń lọ. Mi ò tíì kọ́ ọ ní ohun tí gbígbá yẹn túmọ̀ sí.

Mo fa nǹkan yẹn yọ létí rẹ̀, mo ní kó yí padà. Bí a ṣe débẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà ti ń tẹ̀ síwájú, ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mi ò dúró wò ó. Kó tó la ẹnu, mo ti kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà níwájú rẹ̀, orúnkún méjèèjì. Ọmọ-ọmọ mi sáré wá, ó fẹ́ gbé mi dìde, ó ń béèrè pé kí ló dé. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ ná.