Àǹtí Àlímátù àti Iṣan Àgbò

Bí ẹ bá gba iwájú ilé Àǹtí Àlímátù kọjá ní Kemta lónìí, ẹ óò bá wọn lórí àga níta, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Èmi Miriam ni mo jókòó sáàyè wọn ní láàbù ilé ìwòsàn wa báyìí, àárò wọn sì ń sọ mí lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ wa ni kí a gé ẹran ara aláìsàn tín-ín-rín, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú iṣan ni kókó kan ti hù, oògùn àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ áńtíbọ́dì, tí a máa ń kán sí i. Désímìn ló ń wá, ìyẹn àwọn okùn kéékèèké tó di iṣan mú láti inú. Ibi tó bá ti rí i, ibẹ̀ á pọ́n bíi kọfí. Ìgò rẹ̀ kò ju ìka ọmọdé lọ, òkè òkun ló ti ń wá, inú fíríìjì ló sì ń gbé.

Àǹtí kì í dá ti aláìsàn ṣe. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti pa àgbò Iléyá, kí ẹran tó kan ìkòkò, wọ́n á gé díẹ̀ nínú iṣan itan rẹ̀ wá sí láàbù, wọ́n á fi ìda dì í. Gbogbo gíláàsì tó bá kọjá lọ́wọ́ wọn, iṣan àgbò á wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní àgbò kò lè ṣàì ní iṣan. Bí oògùn bá dákẹ́ lórí rẹ̀, oògùn ló kú. Ọkọ wọn, Alhaji Mọ́nsúrù, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀nà mẹ́ta ni gbogbo ayé ń pín ẹran Iléyá sí, ìyàwó òun ló fi ti láàbù ṣe ìkẹrin. Lójú tèmi nígbà náà, àṣejù ni.

Lọ́dún kan, èmi ọmọ ìjọ gba ẹran Iléyá lọ́wọ́ aládùúgbò mẹ́rin ní Igbein, kò sì sí iná nílé. Mo bá kó o lọ sí fíríìjì láàbù, ohun tí wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ ṣe. Kí àyè lè gbà mí, mo gbé ìgò kékeré yẹn sókè sínú firísà. Mo rò pé bí nǹkan bá ṣe tutù tó ló ṣe ń pẹ́ tó, bí ẹran. Láàárín ìsinmi ọdún, iná ń lọ, ó ń bọ̀. Oògùn inú ìgò ń dì, ó ń yọ́, èmi ò sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kú.

Ọjọ́ tí a wọlé ni wọ́n gbé ẹran ara Ọmọ́ṣaléwá wá, ọmọ ọdún méje tí kókó yọ sí nítan. Oògùn tí wọ́n máa fún un dúró lórí èsì wa. A kán áńtíbọ́dì sí i, kò pọ́n rárá. Mo ti mú bírò láti kọ ọ́ pé kì í ṣe iṣan. Àǹtí ní kí n ní sùúrù, wọ́n sún gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ ti àgbò. Òun náà kò pọ́n.

Mo gbé bírò sílẹ̀.

“Miriam, ta ló gbé ìgò yìí kúrò níbi tí mo gbé e sí?”

“Èmi ni, mà.” Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹran náà látòkèdélẹ̀.

Mo ń retí èébú. “Lọ sọ fún dókítà pé a ò tíì mọ nǹkan kan nípa ọmọ yẹn,” ni wọ́n wí. “Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ.”

Mo sáré lọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ìgò áńtíbọ́dì mìíràn dé láti Ìbàdàn nínú fúláàsì oníyìnyín. Ti àgbò pọ́n, ti ọmọ náà sì pọ́n. Jẹjẹrẹ iṣan ni. Mo sunkún, nítorí kì í ṣe ìròyìn ayọ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti mọ oògùn tó kàn.

Ó lé lọ́dún kan kí ìyá Ọmọ́ṣaléwá tó mú un wá, ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Dókítà ti sọ fún ìyá náà pé Miriam ló sáré wá dá òun dúró kí òun tó fún ọmọ náà ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ṣàdúrà fún mi. Ojú tì mí ju kí ó gbá mi létí lọ. Mo yíjú sí Àǹtí, mo la ẹnu láti jẹ́wọ́.

Wọn kò gbójú sókè nínú gíláàsì tí wọ́n ń nù.

“Miriam,” ni wọ́n wí, “ṣe àmín.”