Màntàlítè Tí Bàbá Mi Rán

Kékeré ni mo wà ní Tokpota, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí wọ́n ń fi ìkarahun ìgbín kọ́ ọmọ lọ́rùn nílé ìwé torí pé ó sọ Nàgó, èdè ilé wa, dípò Faransé. Ìkarahun náà ń rùn. Ẹni tó bá gbé e relé nírọ̀lẹ́, pàṣán ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó kàn mí. Mùsé, olùkọ́ wa, ní Nàgó kì í ṣe èdè, ariwo ẹnu lásán ni. Mo ní, "Èdè ni." Ó nà mí, ó kó ìwé mi fún mi, ó ní n ò gbọdọ̀ padà wá àfi tí bàbá mi bá bá mi pààrọ̀ màntàlítè mi.

Aránṣọ ni bàbá mi. Èmi ni mo máa ń fẹ́ná sí irin ìlọṣọ rẹ̀ láàárọ̀, tí èéfín èédú á kún ojú mi, kí ìyá mi tó bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Nígbà tí mo jíṣẹ́, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Màntàlítè? Ibo nìyẹn lára kákí ilé ìwé rẹ?" Èmi náà ò mọ̀. A jọ gbà pé ọrùn kákí ni, torí tèmi ti ya. Ó rán tuntun, ó sì ṣe ọrùn rẹ̀ ní ìpele méjì, kí wọ́n má baà ní kò tó.

Mùsé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo kíláàsì bá a rín in. Ó tún lé mi jáde. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi bá mi lọ, okùn ìwọ̀nṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Mùsé, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀ gan-an?" Mùsé ṣàlàyé pé ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ronú ni, ohun tó wà nínú orí ẹni.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Aṣọ ni mo lè pààrọ̀ fún un. Èyí tó wà lórí rẹ̀ yẹn, èmi àti ìyá rẹ̀ la fi síbẹ̀. Kò ya." Ló bá fà mí lọ́wọ́ wọ kíláàsì, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì títí agogo fi dún. Wọn ò lé mi mọ́.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ màntàlítè yẹn ò kú, Gẹ̀ẹ́sì ló lọ kọ́. Orí fóònù ni ọmọ mi obìnrin ti gbọ́ ọ: máíndísẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n yí tèmi padà, kí n yéé sọ Nàgó sí ọmọ òun létí, kó lè tètè gbọ́ Faransé. Inú bí mi. Nígbà tiwa, pàṣán ni wọ́n fi ń gba èdè lẹ́nu ọmọ. Àwọn ọmọ wa ń fọwọ́ ara wọn jù ú nù.

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n. Mo ní, "Gbogbo ohun tó o ń sọ fún mi láti àárọ̀ yìí, èdè wo lo fi ń sọ ọ́?"