Ìwé Tí A Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Ní Agbowó

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tó fi ìmọ̀ ta mí lọ́rẹ láti ilé kéú títí dé ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí, tó sì dá ẹ̀mí mi sí kí n lè jẹ́wọ́ ohun tí mo fi ìmọ̀ náà ṣe. Kì í ṣe ìtàn ìṣẹ́gun ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ológun ṣì ń ṣèjọba, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká dìbò yan kánsílọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni a fà kalẹ̀ ní Agbowó, àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Ọkùnrin tó ń bá a dupò lówó, a sì gbọ́ pé àwọn èèyàn rẹ̀ ti kó orúkọ àwọn tí kò sí láyé sínú ìwé olùdìbò.

Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà. Mo gbọ́ BASIC, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. A gba ìwé olùdìbò tí ìjọba gbé síta fún gbogbo ayé, a gba ìwé nọ́ńbà ilé, mo sì kọ ètò tó so méjèèjì pọ̀, kí orúkọ máa tọ́ka sí ilé, kí ilé máa tọ́ka sí orúkọ. Ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń ṣe lónìí náà ni, tí ẹ fi ń so àkọsílẹ̀ ìta gbangba mọ́ra lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ìṣòro kan yọjú. Ràṣídì ni mò ń jẹ́ ní ilé kéú, Àkànní ni wọ́n ń pè mí nílé. Ọ̀pọ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan sì lè fi orúkọ méjèèjì wọ ìwé olùdìbò. Nítorí náà mo pàṣẹ kí ẹ̀rọ má wo orúkọ àbísọ rárá. Bí orúkọ bàbá, nọ́ńbà ilé àti ọjọ́ orí bá bára mu, kó kà á sí ẹnì kan tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Orúkọ ń jáde ṣáá. Inú wa dùn. Bọ̀dé, tó ń bá mi tẹ̀wé, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ilé àwọn èèyàn yìí."

"Ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́rin, o ní ká máa kan ilẹ̀kùn kiri. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Ẹ̀rọ ò purọ́. Ṣé ó mọ Agbowó ni?"

Mo tẹ orúkọ wọn jáde pé ayédèrú olùdìbò ni wọ́n, mo sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri àdúgbò. Àwọn tó kọ́kọ́ wá bá mi ni Táyé àti Kẹ́hìndé, àwọn ìyá aránṣọ tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa.

Táyé ní, "Àkànní, nínú àwa méjèèjì, ta ni kò sí?"

Kẹ́hìndé ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni, tètè sọ, kí n yé ránṣọ. O jẹ ẹ̀wà ìbejì wa dàgbà, o wá ń pè wá ní ẹnì kan."

Mo padà wo ìwé náà. Ìbejì, ìbejì, ọmọ orogún tí wọ́n bí lọ́dún kan náà. Àwọn tí alátakò wa hùmọ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí oríṣiríṣi orúkọ bàbá ni wọ́n fún wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé tó wà lóòótọ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi, ọmọ Yorùbá, gbàgbé ìbejì.

Mo já ìwé náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn alátakò wa ti dà á kọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì wọlé, ìbò díẹ̀ ló sì fi borí. Alátakò wa gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò ní Ring Road. Ìwé wa ni ẹ̀rí rẹ̀, ó ní àwọn èèyàn wa ní Agbowó dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Táyé àti Kẹ́hìndé wọ aṣọ kan náà, wọ́n dúró níwájú ìgbìmọ̀ náà.

Alága ìgbìmọ̀ bi mí pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ̀rọ yín ló kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìyí."

"Ìwé ni mo ń kà. N kò ka ojú."

Wọ́n fagi lé ìbò Agbowó. Ìbò àwọn àdúgbò tó kù ni alátakò wa fi di kánsílọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì kò pariwo lé mi lórí. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Púpọ̀ nínú àwọn ìbejì yẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n bí wọn sí. O ò bi mí."

Kí la jèrè? Ará àdúgbò rí i pé àwọn náà lè yẹ ìwé ìjọba wò. Èyí kéré sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìgbìmọ̀ yẹn jẹ Agbowó ní gbèsè ìdájọ́ òdodo títí di òní, kò sì sí ẹni tí yóò san án. Ní tèmi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Táyé kó tó kú, ó sì dárí jì mí. Kẹ́hìndé kò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Allah má ṣe sọ iṣẹ́ òótọ́ ọwọ́ yín di ohun tí wọn yóò fi jẹ aládùúgbò yín níyà. Àmín.