Àbúrò Ọkọ Mi, Àgbẹ̀ Inú Fóònù

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni mo ń tà ní ọjà Kútò. Èmi àti ọkọ mi la jọ ń dá oko rẹ̀, torí náà mo mọ̀ pé ìrẹsì kì í ṣe ohun tí èèyàn máa gbìn kó lọ sùn. Tó bá ti ń yọ orí, àwọn ẹyẹ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ wà lóko láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀, kó máa lu páànù, kó máa pariwo bíi wèrè.

Lọ́dún kan, ẹsẹ̀ ń dun ọkọ mi. Àbúrò rẹ̀, tó ń ti Ìgbẹ̀ìn lọ sí ọ́fíìsì l'Ékòó, gba ìsinmi, ó ní òun á lọ lé ẹyẹ. Ó ní òun mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ dáadáa. Mo béèrè pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ó fa fóònù yọ.

Géèmù ni. Wọ́n fún un ní erékùṣù kan, omi yí i ká, orin jẹ́jẹ́ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọ sùn. Á tẹ ilẹ̀, ebè á yọ. Á tún un tẹ̀, àgbàdo á gbó. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í béèrè oúnjẹ, ẹ̀yìn kì í dùn wọ́n. Adìyẹ ibẹ̀ gan-an kì í yàgbẹ́. Ó ní ó máa ń fi òun lọ́kàn balẹ̀.

Èébú kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé wọn, ọkọ ló jẹ́ fún mi. Mi ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Akọ̀wé ni mò ń pè é, orí ìkúnlẹ̀ sì ni mo ti ń kí i. Inú ìwé tí mò ń kọ yìí nìkan ni mo ti lè gé ọ̀wọ̀ rẹ̀ kúrú, kí n pè é ní "ó" dípò "wọ́n". Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì yẹn ni gbogbo ọjà mi."

Nígbà tí mo ráyè lọ wò ó lóko, etí mi ti ń gbọ́ ẹyẹ láti ẹ̀bá ọ̀nà, mi ò gbọ́ páànù. Akọ̀wé jókòó sábẹ́ ahéré, ó na ẹsẹ̀, ó tẹrí ba sí fóònù. Ẹyẹ bo ìrẹsì débi pé orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó gbójú jù nínú wọn bà lé orí páànù.

Mo gbá igi mú, mo lu páànù, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Akọ̀wé gbójú sókè.

"Ìyàwó wa, fara balẹ̀ ná. Mò ń kórè lọ́wọ́."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ kú ìkórè o. Ṣé ẹyẹ ò sí ní erékùṣù yín ni?"

Ó rò ó dáadáa, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè gidi. "Kò sí. Wọn ò fi sí i."

Ìyàngbò la gé. Ìrẹsì tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò ju èyí tí a máa fi ṣe irúgbìn lọ. Lọ́dún náà, ìrẹsì òkè òkun ni mo pàtẹ, èyí tí mo ti ń bú lójú gbogbo èèyàn láti ọjọ́ tí mo ti dé ọjà. Àwọn oníbàárà mi á wò ó, wọ́n á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá.

Akọ̀wé sọ fún ọkọ mi pé mo ti ń kanra jù. Ó ní kí n mú fóònù mi wá, kí òun fi géèmù náà sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Mo ní fóònù tèmi ò ráyè erékùṣù, àwọn tó ń pè láti béèrè ìrẹsì Ọ̀fàdà ò jẹ́ kó sinmi.