Bàbá Ìbejì Tí A Ò Bèèrè Orúkọ Rẹ̀

Àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ni nígbà tí ìjà ilẹ̀ kòkó bẹ̀rẹ̀ lágbègbè wa ní Odigbo. Ilé iṣẹ́ kan ní òun ti gba igbó, kí àwọn àgbẹ̀ inú rẹ̀ máa lọ. Ọ̀nà Araromi-Obu kò ṣeé gbà lásìkò òjò, nítorí náà orí fóònù la ti ń ṣèpàdé, tí a ń rí ojú ara wa. Èmi ni akọ̀wé. Ìyá Fọlá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága. Ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ìpàdé wà: ẹni tí kò bá gbà wọlé, ìta ni yóò dúró sí.

Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó pe ara rẹ̀ ní Bàbá Ìbejì. Ìyá gbà á wọlé. Kò fi ojú hàn, ṣùgbọ́n ó kí wa ní èdè Ìkálẹ̀ tó dán mọ́rán.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni orúkọ yín gan-an?"

Ìyá já lù mí. "Ọma mi, ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nílé yín nìyẹn? Bàbá Ìbejì ti Agbabu mà ni!"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò ní kí bàbá ìbejì máa dárúkọ ara rẹ̀ bí ọmọ iléèwé? Lẹ́yìn náà ni Múdà, àlejò tó ń dáko kòkó láàárín wa, sọ̀rọ̀.

"Èmi ni n ó jẹ́rìí níwájú ìjọba. Fọ́tò àwọn tó fi katakata wó abà wà lọ́wọ́ mi."

Kó tó di ọjọ́ ìjẹ́rìí, àwọn jàǹdùkú ya bo oko rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo ní fọ́tò?" Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n gé gbogbo igi kòkó rẹ̀ lulẹ̀. A pe Bàbá Ìbejì ti Agbabu. Ó ní ìsìnkú lòun lọ lọ́jọ́ ìpàdé, òun ò tan fóònù rárá. Ẹlòmíràn ló fi orúkọ rẹ̀ wọlé tọ̀ wá.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìyá Fọlá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Múdà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó wọ mọ́tò ní Ore, ó padà sílùú rẹ̀. Ó dùn mí ju kó bú wa lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń wọ ìpàdé wa láì fojú hàn, láì dárúkọ ara rẹ̀ àti abà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọba. A kì í ju ìlíǹkì tí a fi ń wọ ìpàdé sí gbangba mọ́. Ariwo oko tí wọ́n bà jẹ́ yẹn náà ló jẹ́ kí ìjọba ní kí ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró.

Gbogbo wa la ń ká kòkó báyìí. Oko Múdà ti di igbó, kò sì tíì sí ẹnì kan nínú wa tó lọ sílé rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́.